Ọmọ Kan Nínú Aṣọ Méjì

Ìwé kékeré tó bá kámẹ́rà náà wá ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ojú ewé rẹ̀ ń sọ nìyẹn. Lórí kámẹ́rà náà, lápá kan, kiní róbótó kan wà tí a lè fi ìka yí. Wọ́n ya àwòrán wẹ́wẹ́ sí i lára: orí obìnrin kan, òkè ńlá, òdòdó, ẹni tó ń sáré. Bí mo bá fẹ́ ya ènìyàn, kí n yí i sí orí. Bí mo bá fẹ́ ya pápá tó lọ súà, kí n yí i sí òkè. Ìyókù di ti kámẹ́rà. Òun ni yóò wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, tí yóò sì pinnu ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé.

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé lókè òkun ló fi ránṣẹ́ sí mi ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ tí mo sì padà sí Ilé-Ifẹ̀. Ó ní kí n máa fi gbọ́ bùkátà títí iṣẹ́ gidi yóò fi dé. Mo kọ̀wé lọ síbi púpọ̀. Iṣẹ́ gidi kò dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń jí tí ó ti rẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ n kò ṣe ohun kan tó yẹ kó rẹ ènìyàn. Mo máa ń rò pé ìdúró ló ń rẹ̀ mí. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí oúnjẹ náà kì í tó.

Yàrá kan ni mo gbà nínú agboolé kan ní Ìrẹmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì ti wà ní títì láti ìgbà pípẹ́, kálukú wọn ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Àwa tó kù kò pọ̀: onílé wa, ìyá arúgbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tí ìyàwó náà bí, àti èmi. Ọkọ ìyàwó náà ń dáko kòkó níbi tó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń wálé.

Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyàwó náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo rí lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì béèrè. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé bí ó bá lọ sí ọjà Ẹnuwá tó ra bàtà fún ọmọ náà, bàtà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rà, ti obìnrin àti ti ọkùnrin. Bó bá sin àkàrà, ó máa ń gbé ọ̀kan sápá kan nínú abọ́ kékeré. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ọkùnrin ni èkejì, pé oko ni wọ́n ń gbé nígbà náà, pé ibà kan ló mú un lọ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ìyá Àgbà ní ó lọ sí ọjà. Ohun tí wọ́n bá rà fún èyí tó wà nílé ni wọ́n gbọ́dọ̀ rà fún èyí tó wà lọ́jà, kí ó má baà bínú, kí ó má sì pe èkejì rẹ̀ mọ́ra.

Mo rò ó wò pé n kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé ẹni tí kò gbà á gbọ́ náà kì í fẹ́ jẹ àkàrà inú abọ́ kékeré yẹn, bí ebi ti wù kó máa pa á tó. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà àti Ìyá Ìbejì jọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

“Alákọ̀wé, ṣé o ti jẹun?” Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀.

“Mo ti jẹun, mà.”

“Irọ́ lò ń pa. Sítóòfù rẹ kò rùn láti àárọ̀.” Ó jókòó sórí àpótí mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. “Kámẹ́rà rẹ tó gbọ́n yìí, ṣé ó lè ya ẹni tí kò sí nílé?”

Mo wo ojú Ìyá Ìbejì. Ó ń wo ilẹ̀.

“Ìyẹn kò ṣeé ṣe, mà.”

“Ó ṣeé ṣe. Àwọn onífọ́tò ayé àtijọ́ ń ṣe é. Wọ́n á ya èyí tó wà nílé nínú aṣọ tirẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ èkejì fún un, wọ́n á tún un yà. Wọ́n á so méjèèjì pọ̀. Ìbejì dé nìyẹn.” Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Láyé tiwa, igi là ń gbẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó mi kò fẹ́ igi. Fọ́tò kì í ṣe igi.”

“Bí ọmọ náà bá wá mọ̀ pé òun ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́, mà?”

“Ẹ wá wo ẹjọ́! Mo bi í ní fọ́tò, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ yín lọ́hùn-ún?”

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìbejì tó lanu. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tó ti ru ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. “Bùrọ̀dá, ó ti ń gbàgbé ẹ̀. Tíṣà rẹ̀ béèrè èkejì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun nìkan ni wọ́n bí. Ó sọ ọ́ lójú mi. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Kò mọ̀ mọ́ ni. A ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ọdún tí à ń wò pé a máa yà wọ́n ló lọ. Kò sí ibì kankan tí mo lè nawọ́ sí kí n sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí.”

Mo ní kí wọ́n wẹ ọmọ náà ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé àga sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, kí ojú ibi tí n ó ti so fọ́tò méjèèjì pọ̀ lè bọ́ sí etí òpó náà. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ lè bo ìdajì ojú kámẹ́rà kí wọ́n ya ọ̀kan, kí wọ́n bo ìdajì kejì kí wọ́n ya èkejì sórí fíìmù kan náà. Tèmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dún kọ́ báyìí, ó ti fúnra rẹ̀ yí fíìmù síwájú, kò bi mí. Ọgbọ́n tó ní ju ti àtijọ́ lọ náà ni kò jẹ́ kó lè ṣe ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe. Gígé àti lílẹ̀ ló kù fún mi.

Wọ́n wọ gáùn funfun fún ọmọ náà. Ó jókòó bí Ìyá Àgbà ti ní kó jókòó: ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ojú rẹ̀ níwájú gbọnrangandan, kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn o,” ni Ìyá Àgbà ń pariwo lẹ́yìn mi. “Má gé ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ wa kì í ṣe arọ.”

Mo yí kámẹ́rà sí orí obìnrin, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọmọ wọlé. Nígbà tó jáde, bùbá aláró àti níkà aláró ló wọ̀, fìlà kékeré lórí rẹ̀. Òórùn káńfò gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan kò wọ aṣọ yẹn rí, inú àpótí ló ti ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ó sì bá ọmọ náà mu wẹ́kú, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ti èkejì. Ìyá rẹ̀ gbójú kúrò. Mo tẹ kámẹ́rà. Ó dún kọ́.

Ilé ìfọ̀tò tí mo ń lò, níbi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù tí wọ́n sì ń tẹ fọ́tò, wà ní apá Òkè-Ògbó. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ aláwàdà, ó fẹ́ràn láti máa fi ìwé tí mo kà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó tò wọ́n sórí káńtà, ó sì yí wọn sí mi.

“Gíráàjúéètì, ẹ bímọ méjì, ọ̀kan jọ yín, ọ̀kan jọ òyìnbó.”

Òótọ́ ló sọ. Nínú gáùn funfun, ojú ọmọ náà dúdú débi pé imú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nínú aṣọ aláró, ojú kan náà funfun, ó ṣá bí ohun tí oòrùn ti pa láwọ̀. Ọmọ kan náà, àga kan náà, òpó kan náà. Bí mo ṣe gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé inú kan náà ni wọ́n ti wá.

“Kámẹ́rà yín ló ṣe é,” ni ọ̀gá náà wí. “Ẹ̀rọ tèmi mọ ohun tó ń ṣe.”

“Ìwé tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa kámẹ́rà.”

“Ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì jà á nígbà náà. Èmi àti ẹ̀yin, ká lọ jẹun.”

Ó yẹ kí n dúró kí n tún un ṣe kí n tó gbé e dé ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń retí mi lẹ́nu géètì. Fọ́tò ọmọkùnrin náà ni Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ gbà. Ó wò ó. Ó fi í lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́ kíákíá bí ẹni pé ó gbóná.

“Kì í ṣe ọmọ mi nìyí,” ló wí. “Ọmọ mi dú. Òun ló dú jù nínú àwọn méjèèjì.” Ó wọlé lọ. A gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Àgbà gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. “Ó dàbí ohun tí kò sí láyé,” ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Tọ́jú ẹ̀. Má jẹ́ kọ́mọ rí i.”

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi kò pọ̀, mo lè fi gbogbo àyè tí mo ní ronú. Mo tú àwọn fọ́tò àtijọ́ tí n kò rí olówó wọn síta. Àwọn tí mo yà nínú aṣọ dúdú àwọn tó ń gba oyè ní yunifásítì kí wọ́n tó tì í pa, ojú wọn mọ́lẹ̀ jù. Àwọn tí mo yà ní ọjọ́ Iléyá nínú funfun gbòò, ojú wọn ṣókùnkùn. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo kàn rò pé ọjọ́ ló yàtọ̀ sí ọjọ́ ni. Ní báyìí mo ní ọmọ kan lórí àga kan, láàárín ìgbà tí a fi pààrọ̀ aṣọ.

Ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí, n kò sọ pé kò lè yàtọ̀. Kámẹ́rà náà kò mọ orí. Àwòrán orí tó wà lára rẹ̀ kàn ń sọ fún un pé kó ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń wò. Bí ó bá rí funfun púpọ̀, ó gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú ọmọ á ṣókùnkùn. Bí ó bá rí dúdú púpọ̀, ó gbà pé ibẹ̀ ṣú, ó fi kún un, ojú ọmọ á ṣá. Aṣọ ló ń wò, kì í ṣe ojú. Ẹ̀rọ ilé ìfọ̀tò sì tún ń ṣe irú ìrònú kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó jẹ̀bi jù nínú àwọn méjèèjì, n kò lè sọ. Àwọn tó ṣe wọ́n ti ní irú ènìyàn kan lọ́kàn, ó jọ pé ẹni náà kì í ṣe ará Ìrẹmọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ìfura lásán ni.

Àmì kan wà lára kiní róbótó náà tí kò ní àwòrán, lẹ́tà M lásán ni. Bí a bá yí i síbẹ̀, kámẹ́rà kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni mọ́. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé mo fẹ́ tún un yà.

“Ó rẹ̀ mí, Bùrọ̀dá,” ló wí.

“Ó rẹ èmi náà, mà.”

Ó lọ ṣí àpótí.

Ọmọ náà kò fẹ́. Ó ní aṣọ náà ń rùn, ó ní fìlà ń yún òun lórí. Ìyá Àgbà fi gúgúrú bẹ̀ ẹ́. “Ẹ̀jìrẹ́, ọmọ tó ń bẹ́ kìṣì bẹ́ kẹ́ṣẹ́, jókòó fún ìyá rẹ. Jókòó, olówó orí mi.” Ó jókòó, ojú rẹ̀ le. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí àwọ̀ wa kò jìnnà síra, mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ náà títí tí kò fi rí nǹkan mìíràn, mo wo iye ìmọ́lẹ̀ tó sọ, mo fi ọwọ́ ara mi tò ó síbẹ̀. Mo yà á nínú aláró. Mo yà á nínú funfun. N kò jẹ́ kó yí ohunkóhun padà. Ní Òkè-Ògbó, mo dúró ti ọ̀gá ilé ìfọ̀tò, mo ní kó lo nọ́ńbà kan náà fún méjèèjì, kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ ronú.

“Ẹ fẹ́ kó dọ̀lẹ bíi tèmi,” ló wí, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Mo gé wọn, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ létí òpó, mo ya àlẹ̀pọ̀ náà ní fọ́tò mìíràn, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi. Ó dára. Mo ti wò ó ní oríṣiríṣi ọ̀nà, n kò rí ojú ìlẹ̀. Ọmọ méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan nínú gáùn, ọ̀kan nínú bùbá, àwọ̀ wọn kan náà, ojú wọn kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́ tí mo ṣe ohun kan tó jáde bí mo ti rò ó.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni a ti wò ó, nírọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìbejì kí ó tó rí i dáadáa. Ìyá Ìbejì gbé e lé itan rẹ̀. Ọmọ náà sá wá, ó sì fara ti èjìká ìyá rẹ̀.

“Ta nìyí?” ni ìyá rẹ̀ bi í, ó nawọ́ sí èyí tó wọ gáùn.

“Èmi.”

“Èyí ńkọ́?”

“Èmi náà ni.”

“Rárá o,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Èkejì rẹ tó lọ sí ọjà.”

“Èmi ni, Ìyá Àgbà. Ẹ wo orúnkún mi.” Ó fi ìka tẹ fọ́tò náà. Ó ti ṣubú nílé ìwé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èépá ọgbẹ́ wà lórúnkún rẹ̀. Ó wà lórí orúnkún méjèèjì nínú fọ́tò, ti gáùn àti ti níkà, ó mọ́ kedere. Ó ká gáùn rẹ̀ sókè kí a lè fi wé èyí tó wà lára rẹ̀ gan-an.

Mo ń ronú ohun tí mo lè fi bo ọgbẹ́ náà, yíǹkì ni, tàbí kí n tún un yà nígbà tó bá san. Mo ti ń lanu láti sọ ọ́.

“Òótọ́ ló sọ,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Kì í ṣe òun. Etí rẹ̀ kò rí báyìí.”

“Ìyàwó mi,” ni Ìyá Àgbà fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pè é.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mi ò sọ pé kò sí. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ sọ.” Ó yí sí ọmọ rẹ̀. “Etí bàbá rẹ ló ní. Ó yọ síta.”

“Bíi ti ewúrẹ́?”

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kò yẹ kó rẹ́rìn-ín.

“Kò tó ti ewúrẹ́. Iwájú orí rẹ̀ ga. Ó dú jù ọ́ lọ, ó dú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ara rẹ̀ sì máa ń dán. Kì í tètè sọ̀rọ̀. Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì.”

“Kí ni mò ń sọ?”

“O máa ń wí pé, ‘Ó ní òun fẹ́ omi.’ Bẹ́ẹ̀ ìwọ lo fẹ́ omi.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Fọ́tò náà yọ̀ bọ́ sórí ẹní, kò sẹ́ni tó mú un.

“Ṣé a máa ń jà?”

“Ìwọ lo máa ń bá a jà. O máa ń gba àkàrà ọwọ́ rẹ̀.”

“Ṣé ó máa ń sunkún?”

“Díẹ̀. Tó bá yá, á gé èyí tó kù sí méjì, á fún ẹ nínú ẹ̀.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò sí iná. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde kí n fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò fẹ́, n kò sì rò pé wọ́n rí mi mọ́.

“Ẹ tún un sọ,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi etí.”

Ó tún un sọ.